Ta Ló Di Èèkù Hámà Mú?

Lọ́dún 2014, ẹnì kan tó máa ń fi ẹ̀rọ wá irin àtijọ́ nínú ilẹ̀ rí ońdè kékeré kan ní Købelev, ní erékùṣù Lolland lórílẹ̀-èdè Denmark. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Irú ońdè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun lójú àwọn awalẹ̀pìtàn. Ó tó ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ tí wọ́n ti hú jáde káàkiri ibi tí àwọn Viking gbé rí: igi kúkúrú kan, pẹ̀lú orí tó nà sọ́tùn-ún sósì. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí wọn, pé ṣé hámà Thor, òrìṣà àrá àwọn ará Àríwá, ni wọ́n fi wọ́n ṣe, àbí nǹkan mìíràn. Ońdè Købelev ló parí iyàn náà. Ẹnì kan ti fi ohun ẹnu ṣóńṣó kọ lẹ́tà rúnù sí i lára, lẹ́tà tí èyí tó ga jù nínú wọn kò ju mìlímítà 7 lọ. Ohun tó kọ ni pé hámà lèyí. Ó tilẹ̀ fo fáwẹ̀lì kan nínú ọ̀rọ̀ náà: hmar ló kọ dípò hamar.

Kí ló lè mú kí ènìyàn kọ orúkọ nǹkan sára nǹkan náà? Kò sí àgbẹ̀ tó ń kọ "ọkọ́" sára ọkọ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ dájú pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kò lè kan ìṣó, kò sì lè tẹ́ irin. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí i ló sọ idẹ kékeré náà di hámà. Láti ayé ìgbà náà ni orúkọ yìí ti kúrò ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, tó ti ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ ká yẹ hammer ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwa náà ti sọ di hámà, wò bí a ṣe ń yẹ ewì wò. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè á bá ìtumọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀: lílù, fífọ́, títà ní gbàǹjo, ìdíje eré ìdárayá, eegun inú etí. Ìwé náà á tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ ara wọn rí. Lójú tèmi, ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀, ipò ni ohun náà: ta ló di èèkù mú, ta ló sì wà lábẹ́.

Kí hámà tó di irin, òkúta ni. Nínú èdè Norse, èyí tí àwọn ará Norway, Denmark àti Iceland ń sọ láyé àtijọ́, hamarr lè jẹ́ irinṣẹ́ tí a fi ń lu nǹkan, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn àáké, ó sì lè jẹ́ àpáta gàgàrà. Ìtumọ̀ tó gbẹ̀yìn yìí ṣì wà lórí àwòrán ilẹ̀ dòní. Ìlú Lillehammer, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní 1994, kò jẹ káfíńtà ní gbèsè kankan. Òkè olókùúta ló fún un lórúkọ. Hammerfest, lókè réré ní àríwá Norway, náà gba orúkọ rẹ̀ lára àpáta tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀.

A sì lè tọpa rẹ̀ lọ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1818, Rasmus Rask, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣàkíyèsí àyípadà kan láàárín àwọn èdè Yúróòpù. Ní 1822, Jacob Grimm ti ilẹ̀ Jámánì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí èdè Látìn bá ti ní ìró k, h ni Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sábà máa ń ní. Cornu ti Látìn, tó jẹ́ ìwo, horn ni lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Canis, ajá, ni hound. Centum, ọgọ́rùn-ún, ni hundred. Bí a bá mú hammer gba ọ̀nà yìí padà sílé, kamen la ó bá pàdé ní Rọ́ṣíà, òkúta ni. A ó bá akmuo pàdé ní Lithuania, òkúta náà ni. A ó bá aśman nínú Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà, òkúta ni òun náà, ó sì tún jẹ́ ohun ìjà tí òrìṣà ń sọ láti ojú ọ̀run. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn lórí bí ìró inú ọ̀rọ̀ náà ṣe pààrọ̀ àyè, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ìdílé kan náà ni wọ́n.

Èyí tó wù mí jù nínú ìdílé yìí ni ti Gíríìkì. Akmōn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe hámà ló ń tọ́ka sí. Owú ni, irin tí alágbẹ̀dẹ ń gbé iṣẹ́ lé kó tó máa lù ú. Nínú ewì Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ó ní bí irú owú bẹ́ẹ̀ tí a fi idẹ ṣe bá já láti ọ̀run, ọjọ́ mẹ́sàn-án tọ̀sán-tòru ni yóò lò lójú òfuurufú kó tó kanlẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá. Gbòǹgbò kan náà nìyí o: ní Àríwá, ó di ohun tí ń luni, ní Gíríìsì, ó di ohun tí à ń lù. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí, nítorí ọmọ owú ni wọ́n ń pe òòlù irin tí wọ́n ń lò. Lójú wọn, ẹni tí ń luni àti ẹni tí à ń lù, ìyá àti ọmọ ni.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tilẹ̀ ní orúkọ mìíràn fún irinṣẹ́ yìí, slecg, tí òun àti ọ̀rọ̀-ìṣe wọn fún lílù jọ ti orísun kan wá, gẹ́lẹ́ bí òòlù tiwa ṣe ti ara lù jáde. Slay, tó jẹ́ pípa, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ wà fún ìgbà pípẹ́, kí èyí tó ti ara òkúta wá tó borí èyí tó ti ara ìṣe wá. Lónìí, sledgehammer ni wọ́n ń pe èyí ńlá tí àwọn tó ń fọ́ òkúta ń gbé sókè lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ á mọ̀ pé orúkọ hámà méjì ni wọ́n so mọ́ra wọn. Kí ló mú kí ti òkúta borí? Ọ̀rọ̀ tó ti ara ìṣe wá kò lè sọ ju ìṣe náà lọ. Òkúta ní ìwúwo, ó ní ọjọ́ orí, ó sì ní ìbátan lójú ọ̀run.

Ó yẹ ká ṣọ́ra ṣá, torí kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá ti gbọ́ hammer ni hámà wà. Ẹyẹ kan wà ní England tí wọ́n ń pè ní yellowhammer, ẹyẹ pupa rúsúrúsú tí kì í kan igi kankan. Ọ̀rọ̀ Jámánì fún ẹ̀yà ẹyẹ náà ni Ammer. Etí àwọn ènìyàn ló fi h kún un, torí hámà ni wọ́n mọ̀.

Kí a padà sọ́dọ̀ Thor. Snorri Sturluson, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Iceland, kọ ìtàn bí wọ́n ṣe rọ hámà rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1220. Aràrá kan tó ń jẹ́ Brokkr ń fẹ́ ẹwìrì, arákùnrin rẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀dẹ. Loki, ọlọ́gbọ́n àrékérekè inú àwọn òrìṣà wọn, ti fi orí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ní dára. Ló bá sọ ara rẹ̀ di eṣinṣin, ó bà lé ìpéǹpéjú Brokkr, ó ta á títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú rẹ̀. Brokkr jọ̀wọ́ ẹwìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti lé eṣinṣin náà. Nígbà tí wọ́n yọ hámà kúrò nínú iná, àléébù kan ṣoṣo ló ní: èèkù rẹ̀ kúrú. Síbẹ̀ àwọn òrìṣà dájọ́ pé kò sí èyí tó tó o nínú gbogbo ẹ̀bùn ọjọ́ náà, nítorí kì í tàsé, bí Thor bá sì jù ú, á padà bọ̀ sí i lọ́wọ́.

Àwọn tó ń ka ìtàn yìí sábà máa ń rẹ́rìn-ín sí èèkù kúkúrú náà, wọ́n á ní ẹ̀gàn nìyẹn. Èmi kà á bí ọkàn ìtàn náà. Hámà tí èèkù rẹ̀ kúrú, kò sí ibi tí ọwọ́ kejì lè dì mú lára rẹ̀. Ohun ìjà tí kò ṣeé pín ni, tí kì í sì í gbé ìta sùn. Àwa náà mọ ohun tí à ń sọ nígbà tí a bá ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Nílẹ̀ Yorùbá àti nílẹ̀ Norse, orí ibi tí ọwọ́ dì mú ni ọ̀rọ̀ agbára wà.

Ẹni tó bá dé ibí yìí á ti máa rántí Ṣàngó, kò sì jẹ̀bi. Ìbáṣepọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí pé ẹnì kan kọ́ ọ lára èkejì. Ohun tí ojú ènìyàn rí nínú oko ló jọra. Àáké òkúta dídán, èyí tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ pọ́n, máa ń hú jáde bí òjò bá wọ́ erùpẹ̀ lọ, ní Yúróòpù bíi tọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún sì sọ pé àrá ló jù ú sílẹ̀. Àwa pè é ní ẹdùn àrá, ẹdùn sì ni orúkọ àáké láyé àtijọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí èdè méjèèjì ṣe gba ọ̀nà tó kọjú síra: nílẹ̀ Norse, irinṣẹ́ ló gba orúkọ òkúta, lọ́dọ̀ wa, òkúta ló gba orúkọ irinṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni ti ibi tí a dúró sí tí a fi ń sọ ìtàn náà. Hámà Thor ń padà sí ọwọ́ ẹni tó jù ú. Ẹdùn àrá kì í padà. Bí àrá bá wọ ilé kan láyé àtijọ́, àwọn oníṣàngó ni yóò wá, wọn á gbẹ́ ilẹ̀ títí wọn á fi rí ẹdùn, onílé á sì ná ìnáwó ètùtù. Ẹdùn náà á wá lọ sí ojúbọ, nínú àwo tó wà lórí odó Ṣàngó. Láti ìdí èèkù ni àwọn ará Iceland ti sọ ìtàn tiwọn; àwa sọ tiwa láti inú ilé tí àrá wọ̀. Oṣé tí àwọn ẹlẹ́gùn ń gbé jó, tí àwọn ọmọ wa ní Brazil ṣì ń pè ní oxê títí dòní, ní orí àáké méjì lókè, ṣùgbọ́n lábẹ́ àáké yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníṣọ̀nà máa ń gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ kò kúrò nínú àwòrán rárá.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìdí èèkù ni wọ́n sábà máa ń dúró sí. Àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní orúkọ ìnagijẹ kan fún idà, pé ohun tí hámà ṣẹ́kù ni. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gidigidi, torí ó rántí gbogbo ìlù tó bọ́ sára irin náà kó tó mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ọba àti olórí ni wọ́n ń fún ní hámà. Charles, olórí àwọn Frank tó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ní 732, ni ìran tó tẹ̀ lé e pè ní Martel, tó jẹ́ hámà lédè tiwọn. Edward Kìíní, ọba England tó kú ní 1307, wà nínú sàárè ní Westminster Abbey, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára lédè Látìn, lẹ́yìn ikú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pé òun ni hámà àwọn ará Scotland. Kò sí ará Scotland kankan tí wọ́n bi kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ní ti irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ka hámà sí ènìyàn. Ó ní orí, ó ní ojú tó fi ń kan ìṣó, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó sì ní èékánná tó fi ń fa ìṣó yọ. Ihò tí igi ń gbà wọlé, ojú ni wọ́n tún ń pè é. Ibẹ̀ gan-an sì ni àlùmọ̀kọ́rọ́yí hámà àtijọ́ wà: bí igi bá gbẹ, tó sún kì, orí á mì, lọ́jọ́ kan á fò yọ, ẹni tó wà nítòsí ló máa jìyà rẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú Norwich, ní ìpínlẹ̀ New York, David Maydole, mú kí ojú yẹn gùn sísàlẹ̀ bí ọrùn, kí igi lè rí ibi wọ̀ dáadáa, kí orí má lè fò mọ́. Irú rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn káfíńtà títí dòní. Mo ka iṣẹ́ Maydole sí iṣẹ́ ìwà rere. Kò mú kí hámà lágbára sí i, ẹni tí kò di èèkù mú ló dáàbò bò.

Láàárín ọdún kan náà yẹn, lókè òkun, ní England, ẹlẹ́rọ kan tó ń jẹ́ James Nasmyth ń yọ ọwọ́ kúrò pátápátá. Ní oṣù November 1839, ó ya àwòrán hámà tí ooru omi ń gbé sókè, nítorí pé kò sí hámà tó lè rọ ọ̀pá irin ràgàjì tí wọ́n fẹ́ fi sínú ọkọ̀ ojú omi Great Britain. Ní 1842, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń fi han àlejò ni kó gbé ẹyin sínú ife ọtí, kó sì jẹ́ kí hámà ńlá náà fọ́ èèpo ẹyin láì kan ife. Lẹ́yìn náà á jẹ́ kó bọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ilé á mì tìtì. Àwọn tó wò ó yìn ín fún ìkóra-ẹni-níjàánu, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni hámà tí kò ní èèkù ti wà, ẹni tó ń darí rẹ̀ kò sì nílò apá tó lágbára mọ́.

Ìtàn John Henry, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń kọ lórin láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni èsì sí hámà tí kò ní èèkù. Ìtàn náà kò pẹ́ sọ. Wọ́n ń gbẹ́ ihò fún ọ̀nà rélùwéè gba inú òkè ní West Virginia, ní àyíká 1870 sí 1872. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á di ọ̀pá irin mú sí ara òkúta, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kejì á máa fi hámà lu orí ọ̀pá náà, kí ihò tí wọ́n máa ki ẹ̀tù sí lè jìn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi lu òkúta dé, John Henry bá a díje, ó borí, ó sì kú pẹ̀lú hámà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ka orin wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ìtàn akọni, ọ̀dọ̀ ẹni tó di hámà mú ló máa dúró sí. Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ẹnì kejì náà, ẹni tó ń di ọ̀pá mú. Ìka rẹ̀ wà lábẹ́ hámà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí alù bá ṣi ìlù lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ti lọ. Orin ni wọ́n fi ń so ìlù mọ́ yíyí, kí ọwọ́ lè mọ ìgbà tí hámà ń bọ̀. Nítorí náà, orin kò wà fún adùn nìkan níbẹ̀. Orin ló wà láàárín ìka àti irin.

Ní 2006, òpìtàn Scott Reynolds Nelson tẹ ìwé kan jáde tó yí ojú ìtàn náà padà. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n ni John Henry, ọ̀dọ́mọkùnrin kúkúrú kan láti New Jersey, tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Virginia fi ṣe ọmọ ọ̀yá fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè, àti pé eruku òkúta tó wọ ẹ̀dọ̀fóró ló jọ pé ó pa òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà fún un. Èmi rò pé bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ òun gan-an, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ìwé yẹn sì mú mi tún èrò ti ara mi rò. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó bá di èèkù mú ló ni agbára. Ẹlẹ́wọ̀n yìí di èèkù mú láti àárọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ òun ló wà lábẹ́. Ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ni èèkù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òkúta tó sì ń lù, èyí tí orúkọ hámà ti wá, wọ inú rẹ̀ lọ ní lẹ́búlẹ́bú.

Lọ́jà pẹ̀lú, ẹni tó ni ọwọ́ àti ẹni tó ni hámà kì í ṣe ọ̀kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí wọ́n bá ń tà ní gbàǹjo ti wá sábẹ́ hámà. Òfin England ti 1893 lórí ọjà títà sọ ọ́ kedere pé bí hámà alágbàǹjo bá ti bọ́ sílẹ̀, ọjà ti parí. Kó tó bọ́, ẹni tó dá owó lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Òfin yẹn wọ Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn òfin England mìíràn tó ti wà kó tó di 1900, ó sì ti rìn nínú ọjà tiwa náà. Kì í sì í ṣe ẹrù nìkan ló ń wá sábẹ́ hámà. Ní oṣù March 1859, lẹ́bàá Savannah ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tó lé ní 400 ni wọ́n tò sí pápá ìdíje ẹṣin kan, tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ méjì. Bí ènìyàn bá ka "lábẹ́ hámà" lójú ìwé ìròyìn ìgbà náà, kó má ṣe kà á bí àfiwé.

Ilé ìdókòwò London náà ní tirẹ̀ láyé àtijọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kò bá lè san gbèsè rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé náà kan, tí wọ́n ń pè ní agbáwo nítorí pé ilé kọfí ni òwò náà ti bẹ̀rẹ̀, á lu hámà onígi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́, á sì ké orúkọ ẹni náà. Ó parí fún un nìyẹn. Wọ́n á ní wọ́n ti lu onítọ̀hún ní hámà.

Wá gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní London dé Èkó. "Ó ti hámà!" Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó ńlá dé bá ẹni náà lójijì. Ọ̀rọ̀ tó kéde gbèsè ní London ló ń kéde ọlà níhìn-ín. Àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ń pe èyí ní àṣìlò, mi ò sì gbà. Ti London náà, ìlò àwọn ará ilé kan ṣoṣo ni kó tó wọ ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ni pé wọ́n gbé ẹni tí à ń sọ kúrò lábẹ́, wọ́n fi èèkù lé e lọ́wọ́. Gírámà ló ṣe é: wọn kì í sọ pé wọ́n lù ú ní hámà, òun fúnra rẹ̀ ló hámà. Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí sì ti wà ní pípèsè, torí a ti ń pawó kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, a sì ń lu ènìyàn ní jìbìtì. Yorùbá ti mọ̀ pé owó máa ń gba ọ̀rọ̀ ìjà.

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni ti àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà. "Ó lu ìyá oníṣòwò kan ní jìbìtì": èdè wa kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n lù sá pamọ́, àárín lu àti jìbìtì ló wà gbọingbọin. "Ó hámà" kò ní àbọ̀ rárá. Gbogbo hámà tí mo ti dárúkọ níhìn-ín, ó ní ẹnì kan tàbí ohun kan tó bà lé: irin, ará Scotland, ìka ẹni tó di ọ̀pá mú, ènìyàn orí pápá Savannah. Ti Èkó yìí ń lu, kò sì sí owú. Ọmọ tó ra ilẹ̀ nígbà tó pọ̀, tó wá tà á nígbà tí ọ̀nà dé ibẹ̀, ó hámà. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ opó kan ní Amẹ́ríkà, òun náà hámà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kí àwọn méjèèjì kú oríire níbi ìnáwó, kò sì sí ẹni tí gírámà rẹ̀ fi dandan lé láti sọ ibi tí hámà náà bà.